Omi Iyọ̀ Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún ọdún 2014, fóònù ń dún lóru ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń pè kì í ṣe àjèjì: ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, ìyàwó pásítọ̀ ni. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́: ẹ dìde, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola ò ní wọlé yín. Orí WhatsApp àti BBM lọ̀rọ̀ náà ti gbéra. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ WhatsApp.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Patrick Sawyer, tó ti kó Ebola, bá bàálù wọ Èkó láti Liberia ní ogúnjọ́ oṣù Agẹmọ; kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kú. Iyọ̀ ní tirẹ̀ kò wọ́n, òun náà la fi ń ṣàdúrà fọ́mọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ. Ta ni yóò rò pé iyọ̀ lè pani?

Ó lè pani. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe ni yóò máa fa omi kúrò nínú ara, títí dé inú ọpọlọ. Ewu rẹ̀ tún wá le jù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Wọ́n tún ní orógbó ń lé Ebola lọ. Tirẹ̀ tilẹ̀ ní ìdí, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti já nírọ́. Ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpérò kan ní Amẹ́ríkà pé èròjà inú orógbó dá kòkòrò Ebola dúró. Inú ìgò àyẹ̀wò ni, kì í ṣe lára ènìyàn. Gbólóhùn kejì yìí kò bá èkíní dé orí fóònù.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, ó kan chloroquine. Donald Trump yìn ín fún àrùn Kòrónà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó lò ó ní ìlòkulò fi ń dé ilé ìwòsàn l'Ékòó. Àwa tá a ti lo chloroquine rí mọ ara yíyún rẹ̀, èyí tó ń mú ọmọdé fi ẹ̀yìn ha ògiri. Láti ọdún 2005 ni ìjọba ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ibà. Ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù lè da ọkàn rú títí tí yóò fi dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ká padà sí ti Ebola: Dókítà Ameyo Adadevoh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ilé ìwòsàn, àtàwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ṣọ́ ènìyàn 894, ló lé Ebola lọ. Ènìyàn mẹ́jọ ló pa ní Nàìjíríà, Adadevoh sì wà lára wọn. Àwọn tí omi iyọ̀ pa kò sí nínú mẹ́jọ yẹn.