Ọmọ Tí Mo Lé Dànù



Ní ilé-kéú mi ní Ilé-Ifẹ̀, mo lé ọmọ kan dànù nítorí tramadol. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ ní yunifásítì pé bí oògùn bá ti di bárakú, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ìwádìí 2018 ka ọmọ Nàìjíríà tó lé ní mílíọ̀nù 14 mọ́ àwọn tó ń lo oògùn nílòkulò. Lóòótọ́, Súrà Máídà, āyà 90, kọ ọtí fún wa. Ohun tó bá ń pani bí ọtí, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ànábì wa ní kí á wá ìwòsàn.

Mo sáré lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ ní, “Àáfà, láti ọjọ́ tí ẹ lé e ni kò ti wálé mọ́.”

Bó bá kan tiyín, ẹ má lé e. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, bíi ní Àrò l'Abẹ́òkúta, kí ẹ sì máa ṣàdúà. Ọlọ́hun á dá tiwa náà padà. Àmín.