Ejò Kì í Wúkọ́

Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dí àwa èèyàn lọ́fun, a ó wúkọ́, a ó tu ú dànù, ó tán. Ejò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní iṣan tó pààlà àyà àti ikùn wa, tó ń jẹ́ ká lè wúkọ́ dáadáa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ṣé ọ̀ràn kékeré nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi ń sin ejò erè, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní ball python, torí pé tí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ rogodo bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá: ó wà ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Lásìkò ọyẹ́ kan, ejò náà kọ oúnjẹ. Ìyẹn nìkan ò tó àmì, torí irú erè yìí lè gbààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àfi bó ṣe na ọrùn sókè, tó la ẹnu sílẹ̀. Àwọn ará ilé figbe ta: "Ó fẹ́ buni jẹ! Ẹ wá igi!"

Èmi ò sá. Àbúrò mi obìnrin ní ikọ́ sémìísémìí. Lóru tó bá dé sí i, kì í lè dùbúlẹ̀. Á jókòó, á gbé orí sókè, á la ẹnu, á máa wá atẹ́gùn. Ohun tí mo rí lára ejò yẹn gan-an nìyẹn. Mo tẹ́tí, mo gbọ́ fíì-fíì nínú èémí rẹ̀; ìfófòó ń yọ nímú rẹ̀. Kì í ṣe ìbínú, àìsàn ni. Dókítà ẹranko gún un lábẹ́rẹ́, ó ní òtútù ló sọ ara rẹ̀ di ọ̀lẹ. Ó ní kí apá kan ilé rẹ̀ gbóná tó 31°C, kí apá kejì wà ní bíi 26°C. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbádùn.

Ejò tó fẹ́ bọ́ awọ náà lè máa súfèé nímú o. Tó bá bọ́ ọ tán, ó máa ń lọ. Èyí tí ò bá lọ, tí ìfófòó tàbí ẹnu lílà bá tẹ̀ lé e, ẹ má fi agbo dán an wò, ẹ má fún un ní oògùn èèyàn. Dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, kíá.

Ejò tí à ń sìn nílé ni mo ń wí o. Ti inú igbó, ẹ yà fún un jàre.