Ogún Ìṣẹ́jú Bàámi

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Leeds, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dẹni tó ń ka inú chip àtijọ́.

Bàámi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ní 1990, ọdún tí wọ́n bí mi, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan fún Màámi tó ń sin adìyẹ: àpótí onígi tó ń sàba lé ẹyin bí àgbébọ̀. Iná ń mú un gbóná, mọ́tò kékeré kan sì ń yí ẹyin padà kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Chip kan, Intel 8751, ló ń darí mọ́tò yẹn. Bàámi ti lọ láti 2014, ẹ̀rọ wọn ṣì ń pa ọmọ. Àmọ́ nígbà tí mo lọ sílé ní Kérésì, Màámi ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ bàbá rẹ ti ń ṣarán o. Nígbà míì kì í yí ẹyin mọ́."

Mo tú u. Chip náà ní fèrèsé gíláàsì lórí, torí ìtànṣán ultraviolet ni wọ́n fi ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bébà tí Bàámi lẹ̀ mọ́ ọn ti ṣí. Bí oòrùn bá ń ràn sí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ tààrà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà kí gbogbo rẹ̀ parẹ́. Iná fluorescent inú yàrá á gbà tó ọdún 3. Mo lẹ pílásítà dúdú mọ́ ọn, mo gbé e wá síbí. Màámi ń fi ọwọ́ yí ẹyin.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni kọ́kọ́rọ́. Bí ẹni tó kọ ètò sínú 8751 bá tì í, kò ṣeé kà mọ́. Bí o bá sì fi ultraviolet pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́, ètò náà á bá a lọ. Àwọn kan mọ ọgbọ́n ẹ̀ lára chip míì. Andrew Huang, tí wọ́n ń pè ní bunnie, ṣí èèpo PIC18F1320, ó fi téèpù bo ibi tí ètò wà, ó wá tan ultraviolet sí ibi kọ́kọ́rọ́. Èmi ò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Bàámi ò ti ilẹ̀kùn.

Báìtì 4,096 ni. Mo kà á nígbà 10, ibi 2 sì wà tí ìdáhùn ò ti bára mu. Nọ́ọ̀sì mọ ìyẹn: tí ìlùkìkì ọkàn aláìsàn bá ń ṣe ségesège, a kì í kọ àkọ́kà sílẹ̀ ká lọ. Mo wo ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn wọn, mo fi mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ghidra ni mo fi tú u, ọ̀fẹ́ ni. Ó tó oṣù 2, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, kí àwọn nọ́ńbà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo rí 3CB0: láti ibẹ̀ ni aago rẹ̀ ti ń ka ìṣísẹ̀ 50,000, ogún irú rẹ̀ sì ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo rí 18: lọ́jọ́ kejìdínlógún mọ́tò á dúró, kí ọmọ adìyẹ lè múra láti jáde lọ́jọ́ kọkànlélógún. Mo rí ibi tó ti ń wò ó bóyá NEPA ti mú iná lọ. Bátìrì kékeré ló ń gbé chip náà ró nígbà yẹn. Tí iná bá ti lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá dé 1,200, á ké.

Ìṣẹ́jú-àáyá 1,200. Ogún ìṣẹ́jú. Kí ló dé tí kì í ké lójú ẹsẹ̀? Kí ló dé tí kì í ṣe wákàtí kan? Mo wá inú ètò náà títí, n kò rí ìdí kankan. Chip á sọ ohun tó ń ṣe fún ọ, kò ní sọ ìdí tó fi ń ṣe é.

Mo pe Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ mà ni! Lọ́gán tí NEPA bá ti mú iná ló kọ́kọ́ máa ń ké. Á jí ọ, ìwọ náà á jí gbogbo ilé. Bàbá rẹ wá ń kọ ọ́ sínú ìwé, ìgbà tí iná lọ, ìgbà tó dé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ni wọ́n bá pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n tún un kọ. Wọ́n ní kí n máa sùn. Tó bá ké, kí n dìde gbé làńtánì sábẹ́ ẹyin."

Mo dákẹ́ lórí fóònù. Ohun tí mo fi oṣù 2 wá, ìpè kan ló sọ ọ́. Síbẹ̀, bí n kò bá kọ́kọ́ ka chip, n kò bá tí mọ ohun tí màá bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní wọ́ọ̀dù: fáìlì á sọ pé màmá àgbà kọ oògùn alẹ́. Kò ní sọ pé oògùn yẹn ń kùn wọ́n lóorun, wọn kì í sì í gbọ́ ìpè ọmọ wọn láti Kánádà. Àfi kí o jókòó bi wọ́n.

Mo kọ ètò náà sínú AT89S51 tuntun. Ẹsẹ̀ 40 kan náà ló ní, ó wọ ihò àtijọ́ wẹ́kú. Mo bi Màámi bóyá kí n fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀.

"Sọ ọ́ di márùn-ún," wọ́n ní. "Oorun ò pọ̀ lójú àgbà mọ́, kò sì sọ́mọ tó máa jí."

Mo sọ 1,200 di 300. Àbúrò mi ló bá mi fi sí i. Ti àtijọ́ wà lọ́dọ̀ mi níbí, pílásítà dúdú lórí ẹ̀. N kò fọwọ́ kan 1,200 tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀ nílé, ẹ bo fèrèsé yẹn. Tí ẹni tó mọ ìdí ẹ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ tètè pè wọ́n.