ÈBÙ TÓ Ń SÙN NÍ ṢAKÍ: ÌYÁ KAN KÓ O SÁBẸ́ PÁÀNÙ, Ó DI OMI MỌ́ ỌN LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta iṣu ní Bódìjà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró de ọkọ̀ Òkè-Ògùn láàárọ̀, mo ti dé ibi tí iṣu yín ti ń wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu jíjẹ ló gbé mi lọ o, èbù ni.

Ọkọ̀ wa gba Mọníyà dé Ìsẹ́yìn, níbi tí àwọn aláṣọ òkè ti ń fi òfì wọn dá èèyàn lóhùn. A kọjá Ìpàpó àti Òtu, igi ń dínkù, pápá ń gbilẹ̀, títí a fi rí òkè Asabari tó yọ lókè ìlú Ṣakí. Oṣù Kejì ni. Koríko ti gbẹ, iná ti jó òmíràn, ilẹ̀ sì le bí àpáta. Ta ló máa gbin nǹkan síbẹ̀?

Bàbá àgbẹ̀ kan mú mi wọ oko rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ mú èbù kan nínú àká, ó pariwo: "Ọmọ mi, rọra! Kò tíì kú, oorun ló ń sùn."

Ó ṣàlàyé fún mi. Bí wọ́n bá ń wa iṣu tuntun ní nǹkan bí Oṣù Keje tàbí Ìkẹjọ, wọn kì í fa gbogbo rẹ̀ tu. Wọ́n á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, wọ́n á gé iṣu lábẹ́ orí, wọ́n á sì da iyẹ̀pẹ̀ padà bo gbòǹgbò. Orí yẹn á tún ta òmíràn kí ọdún tó parí. Ìyẹn lèbù. Ó lè sùn bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hù fúnra rẹ̀, láìsí omi, láìsí iyẹ̀pẹ̀.

Abẹ́ igi ẹ̀mí ni àká bàbá wà. Òpó ló rì mọ́lẹ̀, ó fi okùn so èbù mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi koríko bò ó lórí, atẹ́gùn sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tí ọkọ́ bá ṣá, ó ti fi eérú pa ojú egbò rẹ̀, ó sì yà á sọ́tọ̀. Ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, torí ẹyọ kan tó bá rà lè kó ran ọ̀pọ̀ lára àwọn yòókù. Òkété àti ikán náà kò gbẹ́yìn.

Àwọn kan kì í tọ́jú rẹ̀ rárá. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ti ń gbìn ín sínú ebè, wọ́n á sì fi koríko dé ebè lórí kí oòrùn má bàa sè é. Ebè ọ̀hún ló wá di àká.

Ìyá kan nínú ìlú kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kó èbù wálé?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, màlúù ń jẹ ẹ́ lóko, olè ń kó o lóko. Mo ní mo gbọ́n." Wọ́n rọ èbù tí wọ́n fẹ́ fi kọ ẹgbẹ̀rún ebè sínú àpò, wọ́n tò ó lérí ara wọn sínú yàrá tí páànù bò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò pé oṣù kan, òórùn ń bú jáde, omi ń ṣàn lábẹ́ àpò. Owó àjọ ni wọ́n fi ra díẹ̀ nínú rẹ̀.

Wọ́n ṣa èyí tó kù. Àwọn kan ti hù gùn rẹrẹ nínú òkùnkùn. Àwọn ará oko ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, yóò tún hù, àmọ́ agbára rẹ̀ ti dínkù. Èyí tí kò ṣe é gbìn mọ́, wọ́n bẹ ẹ́ fún èlùbọ́. Bí iṣu bá wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má bá awakọ̀ jà o. Èbù lọ̀pọ̀ owó oko iṣu ń bá lọ.

"Ṣé òjò àkọ́kọ́ lẹ máa fi gbin ìyókù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òjò Oṣù Kẹta? Ó lè rọ̀ lónìí, kó má tún padà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó di ìgbà tó bá rọ̀ léraléra."

Pákí ni wọ́n fẹ́ fi dí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù. Igi rẹ̀ wà lábẹ́ máńgòrò, wọ́n dì í ní ìdìpọ̀, wọ́n gbé e nàró, ìdí rẹ̀ wọ ilẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n ń bu omi agolo kan sí i lẹ́sẹ̀.