Iṣẹ́ Fíìmù: Ilé Ọ̀gá Ni àbí Ilé-Ẹ̀kọ́?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ lónìí pé iṣẹ́ fíìmù ni àwọn fẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìbéèrè tí òbí máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé níbo ni wọn yóò ti kọ́ ọ. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan ni kí wọ́n di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan, kí wọ́n sìn ín títí wọn yóò fi gba fírídọ́ọ̀mù. Èkejì ni kí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ṣi ọ̀nà yàn, ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà lójú ọ̀nà lókéṣọ̀n. Òun ni yóò já ẹrù nínú bọ́ọ̀sì, òun ni yóò gbé iná àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà, òun náà ni yóò wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá ń yàwòrán nítòsí ọjà Akẹ̀sán, òun ni yóò máa bẹ àwọn ọlọ́jà kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, tí yóò sì máa lé àwọn ọmọdé tó ń yọjú sínú àwòrán. Bí ọ̀sán bá pọ́n, òun ni yóò pín oúnjẹ. Ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo láti sọ. Ohun tó ń rí kọ́ kò kéré: ó ń wo bí àgbà òṣèré ṣe ń dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, bí ó ṣe ń fi òwe dáhùn, bí ó ṣe ń sunkún láìpariwo. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ fún un ìdí tí wọ́n fi gbé kámẹ́rà síbi tí wọ́n gbé e sí.

Ọjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ láàárọ̀, ìwé ló ń kà, ìdánwò ló ń ṣe. Ó mọ orúkọ gbogbo ohun èlò, ó sì mọ ìtàn sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Fáránsé. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá jẹ́ ẹyọ kan fún ogúnlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìgbà mélòó ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kàn án? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, nígbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni ó fẹ́ fi ṣe fíìmù. Ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, Jọ́ọ̀sì ló wà, ó sì jìnnà sí ilé.

Ìtàn Ọ̀yọ́ fi hàn pé iṣẹ́ ìṣeré kì í ṣe àjèjì níhìn-ín. Samuel Johnson kọ ọ́ pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ààfin kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú lọ máa ṣe bí iwin lóru. Ọba gbọ́ sí i, ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà láàyè. Ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Ọba Mọ́rọ̀. Àwọn onímọ̀ bíi J. A. Adédéjì so ìtàn yìí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eégún aláré, iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ fi eré Ọba Mọ́rọ̀ ṣí gbàgede Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan, Lérè Pàímọ́, ẹni tí wọ́n bí ní 1939, ṣe Baṣọ̀run nínú eré náà. Ọ̀dọ̀ Oyin Adéjọbí ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ní 1960 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Ládípọ̀. Nígbà tó yá, ó ṣe Ṣọ̀ún Ògúnlọlá nínú Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ìtàn akọni tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ilé ọ̀gá ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀.

Àmọ́ ẹ wo Ṣaworoidẹ, tó jáde ní 1999. Túndé Kèlání tó darí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV, ó sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn náà. Lérè Pàímọ́ wà níbẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, òǹkọ̀wé Baṣọ̀run Gáà, ló ṣe Ọ̀pálábà. Kúnlé Afọláyan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní New York Film Academy. Ní 2022, òun ló gbé Aníkúlápó jáde, fíìmù ìgbà ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tó mú kí Ṣaworoidẹ dùn ni pé ọmọ ilé ọ̀gá, ọmọ ilé-ìwé àti ẹni tó mọ èdè dénú pàdé lórí iṣẹ́ kan.

Nítorí náà, kí òbí tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta. Ọdún mélòó ni ọmọ yóò lò, ṣé ó sì wà nínú ìwé àdéhùn? Nígbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kan kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to àwòrán? Ta ni yóò kọ́ ọ ní oríkì, òwe àti ìtàn ìlú rẹ̀? Ọ̀gá tí kò lè dáhùn ìbéèrè kejì, ẹlẹ́rù ló ń wá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè dáhùn ìkẹta yóò fún ọmọ ní ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé iwájú àgbà òṣèré, kò ní mọ ohun tí yóò ní kí ó sọ.