Eruku Tí Ó Ń Jẹ́rìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ eruku rí. Eruku kò níyì lójú ẹnikẹ́ni: a ń gbá a dànù láàárọ̀, a ń gbọ̀n ọ́n kúrò lára aṣọ, a ń nù ún kúrò lórí tábìlì. Síbẹ̀, eruku tí ojú lásán kò lè rí ni ó tú àṣírí òkun kan fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, òkun tí ó fara pamọ́ sábẹ́ yìnyín ní ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí.

Kí ìtàn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé òfurufú kì í ṣe òfìfo. Ìtànṣán oòrùn a máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nì lọ́wọ́ átọ̀mù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́nì báyìí, ó ti di ohun mìíràn: iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá, òòfà sì lè darí rẹ̀. Irú afẹ́fẹ́ oníná bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní plásímà. Ìpele rẹ̀ tí ó yí ayé wa ká, láti nǹkan bí 60 kìlómítà lọ sókè, ni àyónósífíà. Àwọn àgbà tí wọ́n ń fi rédíò gbọ́ ìròyìn láti Lọ́ńdọ̀nù lóru ti jẹ nínú àǹfààní rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìpele yìí ni ó ń dá ìgbì rédíò padà sílẹ̀ kí ó lè dé ilẹ̀ tí ó jìnnà.

Sátúrnù, plánẹ́tì olóruka, ní àyónósífíà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, Amẹ́ríkà, àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Ítálì pawọ́ pọ̀ rán ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Cassini lọ sí ibẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méje kí ó tó gúnlẹ̀ sí sàkáání Sátúrnù ní ọdún 2004. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó kún inú rẹ̀: ọ̀kan ń wọn òòfà, ọ̀kan ń wọn plásímà, ọ̀kan ń gba eruku.

Titan, òṣùpá Sátúrnù tí ó tóbi jù lọ, ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lára. Enceladus, tí William Herschel rí ní ọdún 1789, kéré sí i púpọ̀: ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 kìlómítà lọ, yìnyín funfun sì bò ó látòkè délẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, Cassini kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n nǹkan bí 1,260 kìlómítà. Ẹ̀rọ tí ń wọn òòfà rí ohun àjèjì. Agbára òòfà Sátúrnù ń tẹ̀ yí òṣùpá kékeré náà ká, bí omi odò ti í yà fún òkúta. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Michele Dougherty, onímọ̀ kan ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ni olórí àwọn tí ń bójú tó ẹ̀rọ òòfà náà. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, bàbá rẹ̀ kọ́ awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, ọmọ náà sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Yunifásítì ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé ọjọ́ ti lọ fún òun fi èyí sọ́kàn.

Dougherty rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mú ọkọ̀ náà sún mọ́ Enceladus gan-an. Ohun tí ó béèrè kò kéré. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ tí wọn kò rí nǹkan kan, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí oorun sùn fún òru méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, Cassini kọjá ní 173 kìlómítà péré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ìhà gúúsù òṣùpá náà gbóná ju bí a ti rò lọ, kùrukùru omi àti eruku yìnyín sì ń tú jáde níbẹ̀. Ní ọdún 2025, Dougherty di Astronomer Royal, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà láti ọdún 1675 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ibi tí òòfà bá ọ̀rọ̀ dé ni eruku ti gbà á. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń gba eruku náà. Eré tí eruku ń sá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti lu irin inú ẹ̀rọ, ojú ẹsẹ̀ ni yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì di plásímà. Ẹ̀rọ náà yóò wá fa àwọn átọ̀mù oníná wọ̀nyí bí ẹni ń dárí eré ìje: èyí tí ó fúyẹ́ yóò kọ́kọ́ dé, èyí tí ó wúwo yóò gbẹ̀yìn. Àkókò tí oníkálukú bá dé ni a fi ń mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Eruku ní láti parun kí ó tó jẹ́rìí.

Ní ọdún 2009, Frank Postberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé iyọ̀ wà nínú eruku náà. Omi tí ó ti bá òkúta gbé pọ̀ pẹ́ ni í ní irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òkun wà lábẹ́ yìnyín. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ti parẹ́, wọ́n tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú hóró eruku 9 péré. Ohun èlò yìí wà nínú egungun àti eyín wa, kò sì sí ohun abẹ̀mí tí a mọ̀ tí kò lò ó. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Àmọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ti rí ẹ̀dá níbẹ̀. Ẹni tí ó wọ ilé ìdáná tí ó bá ata, epo àti iyọ̀ níbẹ̀ kò tíì rí ọbẹ̀.

Nítorí òkun yìí ni wọ́n ṣe sun Cassini. Ní ọdún 2017, epo rẹ̀ ti ń tán lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kí ó máa rìn gbéregbère, ó lè já lu Enceladus lọ́jọ́ kan, kí kòkòrò àìfojúrí tí ó bá a lọ láti ayé sì ba omi náà jẹ́. Wọ́n darí rẹ̀ gba àárín Sátúrnù àti àwọn òrùka rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlélógún. Inú àyónósífíà Sátúrnù ni ó ń gbà kọjá nígbà náà, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ará Sweden ṣe sì rí i pé plásímà dín kù ní ibi tí òjìji òrùka bò, nítorí pé ìtànṣán oòrùn kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ó já sínú Sátúrnù, ó sì jóná. Títí tí ó fi kú ni ó ń ránṣẹ́ sí ilé.

Ogún ọdún ni ọkọ̀ náà fi wà lójú òfurufú, àwọn tí wọ́n ṣe é gan-an ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn sun ún, nítorí ibi tí wọn kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn bí àjèjì ti ń wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìbìkítà yóò mọ iyì irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀.

Àkọsílẹ̀ Cassini wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò tíì bí nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra lè kà á lónìí. Ẹ̀rí eruku kò tíì tán. Etí tí yóò fara balẹ̀ gbọ́ ọ ni ó ń wá.