Dígí Ọ̀tún

Láàárín aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín a máa kún fún ọlọ́dánfó. Èrò àárọ̀ ti tán nígbà náà, ti ìrọ̀lẹ́ kò tíì délẹ̀, oníkálukú wá ń wá àtúnṣe sí ohun tí ọkọ̀ bà jẹ́ láàárọ̀. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Toyota, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, kò ní rìn jìnnà kí àwọn ọmọkùnrin tó dí i lọ́nà: “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá? Bọ́ńpà? Iná iwájú? Gíábọ́ọ̀sì?” Wọ́n to ẹ́ńjìnnì lé ẹ́ńjìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù, epo dúdú ti mu ilẹ̀ yó. Alábáárù kan ń ti bárò tó kún fún irin, ó ń ké pé, “Ẹsẹ̀ o! Ẹsẹ̀ yín o!” Ẹni tí kò bá yẹ̀, irin á kọ́ ọ.

Ní igun títì kan, lábẹ́ agbòòrùn tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bàbá kan tó ń gé dígí jókòó sórí àpótí. Bàbá Onídígí ni gbogbo wọn ń pè é. Pákó pẹrẹsẹ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó lé ni tábìlì rẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ọ̀bẹ ìgédígí tí kẹ̀kẹ́ irin bíńtín wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀mú, òkúta, agolo kẹrosíìnì àti gọ́ọ̀mù lọ. Awẹ́ dígí gbọọrọ mélòó kan fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run àti wáyà NEPA sì hàn nínú wọn.

Dánfó kan yà wọlé, Volkswagen LT, àwọ̀ ìyeyè, ìlà dúdú méjì ní ìhà. Fèrèmù nìkan ló kù nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Dírẹ́bà ní ọkọ̀ mìíràn ló gbá a ní Òṣòdì, ẹni tó gbá a kò sì dúró. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ yìí ní Jámánì, ọdún 1996 sì ni òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn jáde nínú wọn gan-an dàgbà ju kọ̀ńdọ́ tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ máa retí dígí tuntun láti iléeṣẹ́? Tòkunbọ̀ ni, tàbí kí wọ́n gé e.

Bàbá tẹ́ páálí sínú fèrèmù, ó fi bírò yí i ká, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ó gbé páálí náà lé ojú dígí, kì í ṣe ẹ̀yìn tí wọ́n kùn. Ó ti ọ̀bẹ bọ kẹrosíìnì, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dún ṣíìì. Kò gbọdọ̀ padà sójú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, dígí á fọ́ síbi tó bá wù ú. Ó wá fi ẹ̀mú ká etí rẹ̀, kà, kà, kà, ó sì fi òkúta àti omi lọ̀ ọ́ títí ìka fi lè gba ibẹ̀ kọjá láìṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ, ẹ̀rọ kékeré tó fi ń fín nọ́ńbà ọkọ̀ sára gíláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn fín in.” Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń wa jíìpù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, olè lè yọ dígí lójú ẹni tó ni ín.

“Ta ló fẹ́ jí ti dánfó?”

“Ẹni tó ń wa dánfó ni,” Bàbá dáhùn, kò gbójú sókè.

Ọmọ Ìgbò kan tó ni ṣọ́ọ̀bù lódìkejì, tí Yorùbá dá lẹ́nu rẹ̀ ṣáká, gbé dígí tòkunbọ̀ kan jáde. “Ọ̀gá, èyí ló tọ́ sí ọ̀tún. Ẹ wo ikùn ẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Dígí tí Bàbá gé tẹ́ pẹrẹsẹ: ohun tó bá hàn nínú rẹ̀, bó ṣe tóbi ló ṣe rí, ṣùgbọ́n ibi tó mú kò fẹ̀. Èyí tí ikùn rẹ̀ yọ síta a máa kó títì àti gọ́tà pọ̀, á sì sọ wọ́n di kékeré, bí ẹni pé wọ́n jìnnà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára dígí ọ̀tún ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá pé ohun tí a rí nínú rẹ̀ sún mọ́ni ju bó ṣe hàn lọ.

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀tún ni ilẹ̀kùn dánfó wà. Ibẹ̀ lèrò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ náà loníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tí kò ní sùúrù máa ń já gbà. Ẹ̀gbẹ́ tí dírẹ́bà jìnnà sí jù ló yẹ kó rí jù.

“Èló ni?”

“Ẹgbẹ̀rún méjìlá.”

Ti Bàbá kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Dírẹ́bà mirí. Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Nínú àdéhùn tòun àti olówó ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ti olówó ni. Dígí, wáípà àti gílóòbù, ti dírẹ́bà. Lẹ́yìn owó ojúmọ́, owó epo àti owó àwọn agbèrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń ra dígí.

Bàbá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi sẹ́lótéèpù dè é. Kọ̀ńdọ́ lọ dúró síbi táyà ẹ̀yìn.

“Ṣé ẹ rí mi?”

“Rárá. Sún mọ́ ọkọ̀.”

“Báyìí ńkọ́?”

“Mo rí apá ẹ.”

“Tí kẹ̀kẹ́ bá wá ń bọ̀ ńkọ́?”

“Ìwọ lo máa sọ fún mi.”

Èrò máa ń bínú pé ariwo kọ̀ńdọ́ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń lu páànù ọkọ̀, tó ń ké pé “Ó lóyún, ó pọnmọ o!”, ibi tí dígí kò mú ló ń kà fún dírẹ́bà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tí wọn kò san fún tòkunbọ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń san án.

“Má fọwọ́ kàn án dalẹ́,” ni Bàbá wí bó ṣe ń ka owó.

“Dalẹ́ kẹ̀, Bàbá? Ìsinsìnyí ni mò ń lọ.”

Kọ̀ńdọ́ ti fẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọ̀nà: “Òṣòdì! Òṣòdì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ńjì yín o!”